Ìyá Atọ́wò, Ahọ́n Ẹ̀bútè Ọsàn

Aṣọ léèsì tó wà lára Ìyá Àgbà nínú àwòrán tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ìlú kì í ṣe aṣọ wọn. Ara tó wà lábẹ́ orí náà pàápàá kì í ṣe ara wọn. Ayàwòrán kan ní Ẹ̀pẹ́ ló fi kọ̀ǹpútà yọ orí Ìyá Àgbà kúrò nínú fọ́tò káàdì ìdìbò, tó gbé e lé ọrùn obìnrin sísanra kan tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, tó kó iyùn sọ́rùn, tó sì gbá báàgì dídán mọ́ àyà. Ìyá Àgbà kò ní báàgì rí láyé wọn. Kọ́kọ́rọ́ ni, oògùn ẹ̀fọ́rí ni, etí ìró ni wọ́n ń so gbogbo rẹ̀ sí. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí pé: AHỌ́N TÍ KÒ PARỌ́ RÍ. Bọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Múfú yìí kan náà ni kò bá ahọ́n tó ń yìn yìí sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta.

Tí ẹ bá rí i pé mò ń pe Bọ̀dá Múfú ní "ó", ẹ má rò pé wọn kò kọ́ mi nílé. Wọ́n kọ́ mi. Ẹ kàn ní sùúrù fún mi, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. N kò sì jókòó láti kọ ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Àwọn tó mọ irú èyí kọ ti ṣe é sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín lọ́jọ́ kẹjọ ikú wọn: wọ́n bí wọn, wọ́n lọ́kọ, wọ́n bímọ márùn-ún, wọ́n kí ìrun, wọ́n lọ. Ẹni tó bá ka ìyẹn lè rò pé ìyá ẹlòmíràn ni. Èmi fẹ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, àti ohun tí mo ṣe sí wọn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, èyí tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún rò pé wọn kò mọ̀.

Ẹ̀bútè Ọsàn kò tóbi. Tí ènìyàn bá ju súìtì kan sẹ́nu níbẹ̀rẹ̀ ìlú, yóò ti rìn ín já kó tó yọ́ tán. Àárín òkè méjì la wà, oko ọsàn lọ́tùn-ún lósì, odò sì wà nísàlẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ojú omi ni a máa ń gbà dé Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ọ̀nà orí ilẹ̀ jẹ́ ohun tí kánsílọ̀ máa ń ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré wa. A ní Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè ẹlẹ́ni méjìlá. Mọ́kànlá nínú wọn ló jẹ́ alága ohun kan tàbí òmíràn, ẹnì kejìlá sì ni igbákejì gbogbo wọn. Bọ̀dá Múfú ni alága àgbà. A ní pátákó ìkíni-káàbọ̀ tó ga ju mọ́ṣáláṣí lọ. A ní òpó iná mẹ́sàn-án tí kò ní wáyà, tí àwọn ìyàwó ilé so okùn mọ́ láti máa sá aṣọ. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, orí igi ọsàn kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pe ará Èkó gbọ́dọ̀ gùn ún. Bọ̀dá Múfú ti já bọ́ láti orí igi yẹn rí, tòun ti agbádá, níbi tó ti ń sọ fún ẹnì kan pé òun wà ní ọ́fíìsì.

Iṣẹ́ Ìyá Àgbà ni kí wọ́n máa tọ́ ọsàn wò. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lè rò pé mo ń ṣàwàdà. Ọsàn tiwa kì í fi àwọ̀ sọ tinú rẹ̀. Èèpo rẹ̀ lè ṣì jọ ewé kí inú rẹ̀ ti dùn, ó sì lè rẹwà lójú kí ó kan wọ eyín. Tí wọ́n bá sì ti já a lórí igi láìtó àkókò, kò tún ní í dùn mọ́, ì báà sùn nínú agbọ̀n fún oṣù kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òfin kan lélẹ̀ láti ayé ìyá ìyá wọn pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbé ọsàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìjẹ́ pé atọ́wò ti tọ́ ọ wò.

Agbọ̀n kan ni olóko máa kọ́kọ́ gbé wá. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ létí odò, ọ̀bẹ lọ́wọ́, igbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á mú ọsàn mẹ́ta: ọ̀kan lókè agbọ̀n, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, torí wọ́n mọ àwọn ará ìlú wọn dáadáa. Tí wọ́n bá mu ún tán tó dùn, wọ́n á ní, "Ó ti dé." Olóko á lọ bẹ̀rẹ̀ ìkórè. Tí kò bá dùn, wọn kì í sọ pé ó kan, wọ́n ní àbùkù ni fún olóko. "Ó ṣì ń bọ̀" ni wọ́n máa ń wí. Agbọ̀n yẹn á lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tó ń fi ọsàn kíkan fọ òórùn kúrò lọ́wọ́, olóko á sì lọ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni wọ́n fi ń dá gbogbo ayé lẹ́jọ́. Nígbà tí Kúdí, ọmọ àǹtí mi, mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, ọkùnrin náà jókòó, ó sọ fún wa pé òun máa kọ́lé alájà mẹ́ta, pé òun máa lọ sí Jámánì, pé òun máa ra ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ìyá Àgbà tẹ́tí títí ó fi rojọ́ tán. Wọ́n bu omi fún un mu, wọ́n sì yíjú sí Kúdí. "Ọmọ dáadáa ni," ni wọ́n wí. "Ó ṣì ń bọ̀." Kúdí kò gbọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọkọ Kúdí wà nínú yàrá kan ní Ìkòròdú tó ń retí físà.

Tàbí kí n sọ ti ẹ̀rọ omi. Kánsílọ̀ kan wá ṣí ẹ̀rọ omi fún wa. Wọ́n já rìbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí ìyá tó dàgbà jù kọ́kọ́ pọn. Ìyá Àgbà gbé ife sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Omi kò jáde. Kánsílọ̀ sọ̀rọ̀, alága sọ̀rọ̀, ààfáà ṣàdúà, wọ́n tú kánópì, wọ́n kó àga lọ, Ìyá Àgbà ṣì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tàwọn ti ife. Bọ̀dá Múfú wá ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ má dójú tì mí." Wọn kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n pọn," ni wọ́n wí. "Mò ń pọn."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Inú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú ni àwọn òbí mi ń gbé. Kí ojú tó là ni àwọn méjèèjì ti máa ń wà ní ibùdókọ̀ Benson, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó, ìgbà tí mo bá sì ti sùn ni wọ́n máa ń dé. Màmá mi ní tẹlifíṣọ̀n ló ń tọ́ mi. Ni wọ́n bá kó mi lọ sí Ẹ̀bútè Ọsàn lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, pẹ̀lú páálí ńlá kan tí wọ́n fi kí Ìyá Àgbà, omi ọsàn inú páálí ló kún inú rẹ̀. Ìyá Àgbà yí ọ̀kan sókè sódò lọ́wọ́. Màmá mi ní, "Ìyá, ọsàn gidi ni wọ́n fi ṣe é o." Ìyá Àgbà béèrè pé ta ló bá wọn tọ́ ọ wò. Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Páálí yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí eku fi jogún rẹ̀.

Wọ́n le. N kò ní í tìtorí pé wọ́n kú kí n sọ pé wọn kò le. Wọ́n á jí mi kí àkùkọ tó jí, wọ́n á ní kí n gbálẹ̀ ibi tí kò dọ̀tí. Tí mo bá sunkún pé mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ màmá mi, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fọ abọ́. Ìjà wọn pẹ̀lú Ìyá Rísì, obìnrin tó ni ọkọ̀ tó tóbi jù ní ẹ̀bútè, ti pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Ìyá Rísì ló máa ń to èyí tó dùn sókè, tó máa ń to èyí tó kan sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Rísì dá ọgbọ́n mìíràn, wọ́n to èyí tó dùn sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá Àgbà mu ti òkè, wọ́n mu ti ìsàlẹ̀, wọ́n wá ti ọwọ́ bọ àárín agbọ̀n dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n fa ọ̀kan yọ. Wọ́n mu ún. Wọ́n ní, "Rísìkátù ńkọ́? Ṣé ara ọmọ le?" Ìyá Rísì ní ara rẹ̀ le. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ṣì ń bọ̀."

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ahọ́n yẹn kú. Ibà kan ló dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ó sì lọ, ó mú adùn lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, torí ọbẹ̀ wọn di iyọ̀ lásán. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń sunkún. Ìyá Àgbà wò mí pẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n la ọsàn kan sí méjì, wọ́n mu ààbọ̀, wọ́n gbé ààbọ̀ kejì fún mi. Wọ́n ní kí n sọ bó ṣe rí. Mo ní ó dùn. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà jókòó tì wọ́n. N kò tíì rí i rí kí ẹ̀rù ba àgbàlagbà.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀. Létí odò, wọ́n á la ọsàn, wọ́n á mú ààbọ̀, wọ́n á na ààbọ̀ kejì sí mi bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe sí ọmọ ọmọ. Kò sí ẹni tó fura. Àdéhùn wa ni pé tó bá dùn, kí n fa etí ìró wọn lẹ́ẹ̀kan. Tó bá kan, kí n fà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbéra ga nígbà náà. Gbogbo ọsàn tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹnu mi ló ń gbà kọjá. Àwọn àgbà ọkùnrin á dúró síwájú wa, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á máa wo ẹnu Ìyá Àgbà, ẹnu mi á sì kún fún ọsàn. Bọ̀dá Múfú nìkan ló rí wa. Ọmọ wọn ni, kò sì gọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gbìyànjú.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó dúdú kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi èso sọ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ọsàn wa. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn á máa rà á ní ọlọ́kọ̀-ọlọ́kọ̀, àwọn á sì bá wa la ọ̀nà. Ìlú dàrú. Ìgbìmọ̀ tún pátákó ìkíni-káàbọ̀ kùn. Ìṣòro kan ló wà: ọjọ́ tí àwọn àlejò mú jẹ́ oṣù kan gbáko ṣáájú àkókò tí ọsàn máa ń dé. Bọ̀dá Múfú kọ̀wé sí wọn kí wọ́n sún un síwájú. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ń lọ sí ìlú òyìnbó. Ìgbìmọ̀ wá ṣèpàdé fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí ọsàn tètè dé lọ́dún yẹn.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Bọ̀dá Múfú pè mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Ó yọ bàtà kan jáde nínú ọ̀rá. Funfun báláú ni, tí ènìyàn bá sì fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, iná pupa á tàn nídìí rẹ̀. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí àfi lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ olówó ní ẹ́sítéètì. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ohun tí ìwọ àti Ìyá ń ṣe. N kò bínú. Lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ni kí o fa ìró. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọ̀nà máa dé, iná máa dé, gbogbo ìlú á jẹ ẹ́." Ojú mi kò kúrò lára bàtà. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

Àwọn àlejò dé nínú ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, gbogbo wọn wọ aṣọ agbẹ̀mílà, bí ẹni pé odò wa lè gbé wọn mì. Wọ́n gbé agbọ̀n kan kalẹ̀. Ọ̀gá wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó mú ọ̀kan, ó mu ún, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní, "Ó dùn gan-an." Gbogbo ìgbìmọ̀ mu tiwọn, gbogbo wọn ní ó dùn gan-an. Mo rí Bọ̀dá Múfú tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń mu ún, tí ojú rẹ̀ kan sì dì bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Wọ́n wá yíjú sí Ìyá Àgbà kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí àṣà ní kí wọ́n sọ, kí fọ́tò lè pé.

Ìyá Àgbà la ti òkè, wọ́n la ti àárín, wọ́n la ti ìsàlẹ̀. Wọ́n ń na ààbọ̀ sí mi, mo ń mu ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kan. Ó kan débi pé etí mi ń dún. Mo wo bàtà mi. Mo mi ẹsẹ̀ díẹ̀, iná pupa tàn. Mo na ọwọ́, mo fa ìró Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n wò mí. Wọ́n fọ ọ̀bẹ wọn nínú igbá omi, wọ́n nù ún, wọ́n gbójú sókè sí ọ̀gá àwọn àlejò. "Ẹ káàbọ̀ o," ni wọ́n wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ó ṣì ń bọ̀."

Ọ̀gá náà béèrè ohun tí ìyá wí, ẹnì kan sì ṣe wàhálà láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà, torí òun ti sọ lójú gbogbo ayé pé ó dùn. Wọn kò mu omi wa, wọn kò jẹ ẹran tí a pa. Bí wọ́n ṣe lọ ni Bọ̀dá Múfú fà mí sẹ́yìn ògiri. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo fà á?" Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ní irọ́ ni mo ń pa. Mo búra. Ó ní kí n bọ́ bàtà òun. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún ọmọ tirẹ̀, mo sì ń rí iná pupa yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ń tàn káàkiri àdúgbò.

Ọdún mẹ́ta ni wọn kò fi gbé ọsàn wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Kò sí ẹni tó bú wọn, a kì í bú àgbà. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìn igi àgbálùmọ̀ kọjá. Ìyá Rísì á ní "Ẹ káàárọ̀ o" sí igi. Bọ̀dá Múfú kì í tilẹ̀ kí igi. Wọ́n ní Ìyá Àgbà ló gba ọ̀nà lọ́wọ́ ìlú, wọ́n ní ìlara ló ń dà wọ́n láàmú, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Ní gbogbo àsìkò ọsàn, wọ́n á gbé àpótí wọn lọ, wọ́n á pọn omi sínú igbá, wọ́n á pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n á jókòó. Èmi á jókòó tì wọ́n. Kò sí agbọ̀n tó ń bọ̀. Mo rò pé ahọ́n wọn ti jí, pé àwọn fúnra wọn ti tọ́ ọ wò, pé wọ́n sì mọ̀ pé mo parọ́. Mo ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń ní kí n jókòó dáadáa, kí n má fẹ̀yìn ti igi tó ní ìjàlọ.

Àwọn àlejò ti gba ìlú òdìkejì odò lọ. Àwọn yẹn ní ọsàn àwọn ti dé. Wọ́n já gbogbo oko wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kó o sétí odò, wọ́n ń retí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ kò wá rí. Fọ́tò ni wọ́n ní àwọn wá yà. Òórùn ọsàn jíjẹrà kọjá omi wá bá wa títí òjò fi gbá a lọ. A fi ọwọ́ bo imú, gbogbo wa sì mọ ohun tí Ìyá Àgbà gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀bútè Ọsàn bóyá ó sọ ọ́ síta. Ìgbìmọ̀ sọ pé ti àwọn yẹn yàtọ̀.

Àwọn oníbàárà Ẹ̀pẹ́ ló parí ìjà náà. Nígbà tí kò sí atọ́wò mọ́, oníkálukú ń já a bó ṣe wù ú, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọsàn wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún kẹrin, Ìyá Rísì wá, wọ́n gbé agbọ̀n kalẹ̀ níwájú àpótí, wọ́n ń wo odò. Ìyá Àgbà mú mẹ́ta. Wọ́n na ààbọ̀ sí mi. Wọn kò béèrè ibi tí Ìyá Rísì ti wà láti ọjọ́ yìí. "Ara Rísìkátù le?" ni wọ́n béèrè. Bọ̀dá Múfú náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn nígbà tí ìbò alága ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún. N kò lè gbé e mọ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọjọ́ tí àwọn àlejò wá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fa ìró yín. Mo parọ́ fún yín nítorí bàtà."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

Mo béèrè pé ṣé ahọ́n wọn ti jí nígbà náà ni. Wọ́n ní rárá, ahọ́n kò jí mọ́. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé ìró ni mo ń dúró dè? Mo kàn ní kí o máa fà á kí ọwọ́ rẹ má bàa dilẹ̀ ni. Ojú rẹ òsì ni mo máa ń wò. Tó bá ti kan, á dì. Bẹ́ẹ̀ ni ti bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti Múfú láti kékeré. Kò sí ọmọ mi kan tó lè mu ọsàn kíkan kó parọ́ fún mi."

Mo sunkún. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún ìlú pé èmi ni mo jẹ̀bi, tí wọ́n gba ìyà ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní, "Jẹ̀bi kí ni? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fún ní bàtà." Wọ́n wá ní kí n lọ fọ abọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúà, mo wọ gíláàsì dúdú torí ojú mi ti wú. Bọ̀dá Múfú ti pe àlejò, ilé-iṣẹ́ mìíràn, omi èso kan náà. Àkókò ọsàn kò tíì tó. Ọkọ̀ Ìyá Rísì sì ti kún fọ́fọ́ létí odò, tó ń retí ọ̀rọ̀. Bọ̀dá Múfú fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu pé èmi ni kí n jókòó sórí àpótí, pé kí n ṣáà sọ pé ó ti dé. Ó fi fóònù kan hàn mí nínú àpò rẹ̀, ó ní tèmi ni, pé kámẹ́rà wà lára rẹ̀.

Mo jókòó. Wọ́n gbé agbọ̀n wá. Mo mú ti òkè, mo mú ti àárín, mo mú ti ìsàlẹ̀. Gbogbo ojú wà lára mi, ojú mi sì wà lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Mo lè sọ ohunkóhun tí mo bá fẹ́. Mo bọ́ gíláàsì náà, mo so ó mọ́ etí ìró mi. Mo la ọsàn, mo mu ún, ojú mi òsì dì pìn-ìn. "Ó ṣì ń bọ̀," ni mo wí.

Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Ìyá Rísì dìde, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ, láìpẹ́ a sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ agbọ̀n kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Bọ̀dá Múfú dúró síwájú mi. Mo rò pé ó máa pariwo. Mo sọ fún un ní ohùn kékeré pé ojú mi ni Ìyá Àgbà máa ń wò, kì í ṣe ìró, pé àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó lọ.

"Nígbà yẹn," ló wí, "ẹ̀ẹ̀kan lo fà á lóòótọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Bọ̀dá."

Bọ̀dá Múfú ká agbádá, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, níbi tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo fún wọn ní ààbọ̀ kejì. Wọ́n mu ún tán pátápátá níwájú gbogbo ìlú, ojú wọn òsì dì, omi sì ń jáde lára rẹ̀.